Òṣùká Tó Wọ Bàálù

Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, Rónkẹ́. Mo mọ̀ pé ilé dọ̀tí. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ìwọ àti ẹnì kejì rẹ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní yunifásítì bá ti Òyè wá kí yín, tí wọ́n bá eruku àti ewé gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ẹ gba yàrá sí. Ẹ jẹ́ kí ojú ó jọ tì wá. A kò ní í gbá ilé yìí lónìí, àfi bí mo bá ní kí ẹ gbá a. Ẹ jókòó síbi àga yìí títí ọ̀kadà yín yóò fi dé, n ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín. N ó rọra sọ ọ́ ní Yorùbá tí ẹ ó gbọ́, torí bí mo bá fi Èkìtì tiwa sọ ọ́, ìwọ ọmọ Abẹ́òkúta yìí yóò kàn máa wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìró ìgbálẹ̀ ni agogo ìlú Ayédé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀, ṣàà, ṣàà, ṣàà, láti ilé dé ilé. Ìyàwó tuntun á máa yára gbá tirẹ̀ kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ. Arúgbó á máa fà á díẹ̀díẹ̀, á sinmi, á tún fà á. A mọ ọwọ́ olúkúlùkù láìrí ojú rẹ̀. Èmi lè dùbúlẹ̀ lórí ẹní kí n sọ fún yín pé Ìyá Àgbà ilé kejì ti jí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá dákẹ́ láàárín ìró yẹn, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé èèyàn wọn kan wà lójú ọ̀nà.

A kì í gbálẹ̀ tẹ̀lé arìnrìn-àjò. Àwọn òbí yín náà á ti sọ ọ́ fún yín rí, bóyá ẹ fi rẹ́rìn-ín ni. Ẹni tó bá ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló ń gbá dànù, kò sì ní í mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ibòmíràn, bí o bá ti dúró díẹ̀ kí ẹni náà yà ní kọ̀rọ̀, ó parí. Ní àdúgbò tiwa, a kì í fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ títí a ó fi gbọ́ pé ó dé ibi tó ń lọ.

Ìdí nìyẹn tí a kò fi nílò máìlì. Eruku ni a fi ń wọn ọ̀nà. Bí o bá bi ìyá mi léèrè bí Òyè ṣe jìnnà tó, á ní Òyè kò jìnnà, ìrì kì í tíì gbẹ tán tí a fi ń gbálẹ̀ rẹ̀. Ìkọ̀lé, ó di ọ̀sán. Ìdó, ó di ọjọ́ kejì. Iléṣà wá ni bàbá wọn, níbi tí bàbá mi máa ń ru obì lọ nígbà tí mọ́tò kò tíì pọ̀. Bí bàbá mi bá lọ sí Iléṣà, adìyẹ á sọ iwájú ilé wa di tiwọn, àwa ọmọdé á máa fi ìka ya ẹṣin àti mọ́tò sínú eruku, ìyá mi á sì máa fi abọ́ bo ọbẹ̀ kí eruku má baà bọ́ sínú rẹ̀. Iléṣà jìnnà, ẹ gbà mí gbọ́. A máa ń jẹ jíjìnnà rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Báwo ni a ṣe wá ń mọ̀ pé ẹni tó lọ ti dé? Kò sí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rìn kò sì mọ̀wé. Òṣùká ló ń jẹ́ iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, n kò mọ̀ bóyá ẹ ti gbé e sórí rí. Aṣọ tí a ká róbótó sórí kí ẹrù má baà fọ́ ni lórí ni. Ìyàwó tàbí ìyá ẹni tó ń lọ ni yóò ṣe é. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú àkísà àwọn àgbà yẹn ni òṣùká ti ń jáde. Obìnrin náà á ya ìró rẹ̀ tó ti gbó, á lọ́ ọ, á ká a, á wá fi òwú dì í ní ọ̀nà tí ilé tirẹ̀ ń gbà dì í. Kò sí ilé méjì tí kókó òwú wọn rí bákan náà. Bí arìnrìn-àjò bá ti dé, tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á wá ẹni tó ń padà bọ̀ lápá ibí, á ní, "Bá mi fi òṣùká yìí fún wọn nílé." Ẹni náà kò nílò ọ̀rọ̀ kankan. Obìnrin ilé á gba òṣùká, á fọwọ́ wá kókó rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń gbálẹ̀ ni a ń kọrin.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló máa ń lọ geere. Àbúrò bàbá mi kan lọ sí Ìlógbò níbí, wọ́n gbé ẹmu tútù ka iwájú rẹ̀, ó gbàgbé pé òun ní ilé. Òṣùká rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó fi ṣe àga. Ìyàwó rẹ̀ dúró títí, eruku dé kókósẹ̀, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a kẹ́dùn. Obìnrin náà mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó di Ìlógbò. Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kì í jẹ́ kí a fi ìgbálẹ̀ na òun. Bàbá yẹn sá eré láti Ìlógbò dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi ní ọjọ́ yẹn nìkan ni òun rí òṣùká àti olórí rẹ̀ tí wọ́n jọ wọlé pọ̀.

Apá kejì wà tí a kì í fi ṣeré. Bí ẹnì kan bá kú sójú ọ̀nà, àwọn tí wọ́n jọ lọ kò ní í fi ẹnu sọ ọ́. Wọ́n á tú òṣùká rẹ̀. Wọ́n á já òwú náà, wọ́n á tẹ́ aṣọ rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po dáadáa, wọ́n á gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Orí tí a ṣe é fún kò ní í ru ẹrù mọ́. Mo fojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n gbé ti bàbá ọ̀rẹ́ mi kan dé. Obìnrin náà kò ké. Ó gba aṣọ náà, ó wọlé, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbálẹ̀ láti yàrá dé ìta ní ọ̀sán gangan. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ mọ́, kí la fẹ́ fi eruku dúró dè? Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lọ́sàn-án, ara mi kì í lélẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò dé, ẹrù kúrò lórí, ó bọ́ sẹ́yìn lọ́rí. Síbẹ̀ òṣùká kò tíì kú. Àwọn awakọ̀ wa, tí wọ́n máa ń lọ sí Ìrè lásìkò ọdún Ògún kí ọ̀nà lè là fún wọn, wọ́n máa ń gbé e kọ́ iwájú ọkọ̀ wọn. Bí lọ́rí bá ń bọ̀ láti Iléṣà tàbí Ìbàdàn, a máa gbọ́ fèrè rẹ̀ láti ẹnu odi ìlú, àwọn obìnrin á sáré jáde wá wo òṣùká ta ló ń mì lójú gíláàsì. Ìgbà tí fóònù dé ló parí. "Mo ti dé o," ó tán. Àwọn èèyàn sì ti ń gbálẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń lọ ṣì ń wá ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Obìnrin kan ṣoṣo ní àdúgbò yìí ni kò jẹ́ kó parí, ìyàwó mi sì ni, Ìyá Fúnmi tí ẹ bá wa sin. Ẹ kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ara rẹ̀ le. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wa nínú gbogbo èyí tí a bí, Fúnmi náà ni. Nígbà tí Fúnmi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ ya ìró àdìrẹ tó ti lò láti ìgbà ọmọge, ó fi ṣe òṣùká fún un. Fúnmi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màámi, báàgì mi ní táyà lábẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ìyá rẹ̀ fi Èkìtì tiwa dá a lóhùn, ó ní, "Mú un dání. Bí o bá dé ọ̀hún, fi rán ẹni tó ń bọ̀ ulé. Ọjọ́ tí mo bá rí i li n ó gbálẹ̀."

Fúnmi lọ. Ní ọjọ́ kejì ó pè wá, ó ní òun ti dé, òtútù ń mú òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ ní òun gbọ́ ohùn rẹ̀, òṣùká rẹ̀ ni kò tíì dé. Kì í ṣe pé ó jẹ́ kí ilé dọ̀tí o, obìnrin tó mọ́tótó ni. Ó ń gbá inú ilé, ó ń gbá àgbàlá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yẹn, ibi tí Fúnmi gbẹ́sẹ̀ lé kẹ́yìn, kò gbá a. Bí òjò bá gbá a lọ, ó gbá a lọ. Bí ọyẹ́ bá da eruku sí i, ó dà á sí i. Ìgbálẹ̀ tirẹ̀ kò débẹ̀.

Ohun tó yẹ kó jẹ́ ọdún kan tàbí méjì ló di ọdún gbọọrọ. Ìwé àṣẹ ìgbélùú tí Fúnmi mú lọ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó onílùú, ó ń nùdí fún wọn, ó ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan jáde ní ìlú wọn, kò ní í lè wọlé mọ́. Ó bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀, Tómi, bàbá ọmọ náà sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń dúró ló mọ bí ọ̀la ṣe ń pẹ́ mọ́.

Ojú ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i ní Adó, kò là. Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè ohun tí kò béèrè rí. Olùkọ́ kan wá kí wa, ìyàwó mi bi í pé, "Olùkọ́, báwo li Lọ́ńdọ̀nù ti jìnnà tó sí Èkó?" Olùkọ́ náà, ọlọ́pọlọ pípé, ó fi ọkàn rere dáhùn. Ó ní bàálù tí kò yà síbì kankan, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni.

Ìyàwó mi ń fi ìka kà á. Ó ń ṣírò. Ó ní, "Mo ru usu láti Ayédé dé Ìdó nígbà tí mo wà ní ọmọge. Bí mo bá kúrò ní ulé ní kùtùkùtù, wákàtí mẹ́fà náà li, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà ju Ìdó lọ li ìwọ ń sọ yìí?"

Olùkọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, nínú bàálù."

Ó ní, "Kí ló wá dá ọmọ mi dúró sí Ìdó láti gbogbo ọdún yìí wá?"

Olùkọ́ wo ojú mi, mo wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó wọlé wá lẹ́yìn ìgbà náà tí ìyàwó mi kò bi léèrè. Pásítọ̀, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra wákàtí mẹ́fà yẹn. Bí wọ́n bá ti sọ pé oṣù mẹ́fà ni, ìyàwó mi ì bá mọ̀ pé ọmọ òun jìnnà, ì bá fi ọkàn balẹ̀. Iléṣà jìnnà, a sì mọ̀ pé ó jìnnà. Èyí tó wà nítòsí tí ọwọ́ kò tó, òun ló ń pa ni.

Nígbà tó rí i pé ara òun ń wálẹ̀, ó sọ fún Fúnmi lórí fóònù. Ó ní, "Bí ìwọ kò bá lè wá, fi òṣùká mi rán ẹnì kan bọ̀. Jẹ́ kí n gbá ẹnu ọ̀nà kí n tó lọ." Fúnmi sunkún, ó ní òun á fi rán an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Ìyá Dámi, ọmọ Ìlógbò tí wọ́n bí sí Èkó, ń bọ̀ wá sin bàbá rẹ̀. Òun ni Fúnmi gbé òṣùká náà fún, ní dídì, bí ìyá rẹ̀ ti dì í gan-an.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní pápá bàálù lọ́hùn-ún, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò rí nǹkan róbótó tí wọ́n fi òwú dì pinpin. Ta ló mọ òṣùká nínú wọn? Wọ́n rò pé oògùn olóró ni wọ́n ká sínú rẹ̀. Wọ́n já òwú rẹ̀, wọ́n tú u, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju àdìrẹ tó gbó lọ, wọ́n dá a padà fún un. Ìyá Dámi kò mọ ohun tó jẹ́. Èèyàn dáadáa ni, kò sì fẹ́ gbé aṣọ rírún fún ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Ìlógbò, ó fọ̀ ọ́. Ó lọ̀ ọ́. Ó ṣẹ́ ẹ po bí aṣọ ìléwọ́, ó sì gbé e wá síbí.

Oko ni mo wà. Bí mo bá wà nílé, bóyá ǹ bá ti tètè gba aṣọ náà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Dámi kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, Fúnmi ní kí n gbé èyí fún yín." Ìyàwó mi na ọwọ́ méjèèjì. Ó ń wá róbótó, ọwọ́ rẹ̀ bá pẹrẹsẹ. Ó fi ìka tọ etí aṣọ náà láti igun dé igun, ó ń wá kókó òwú. Ìyá Dámi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé inú ìyá ń dùn ni.

Mo ń bọ̀ láti oko, mo gbé koríko ewúrẹ́ lọ́wọ́, mo gbọ́ ṣàà, ṣàà, ṣàà lọ́sàn-án gangan. Mo da koríko nù. Nígbà tí mo dé, ìyàwó mi tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ kan di ara ògiri mú, ó fi ọwọ́ kejì ń gbá ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò rí ohun tó ń gbá. Ó ń gbá a ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni n kò ṣe? Mo ṣàlàyé. Ìyá Dámi dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó búra. A pe Fúnmi, Fúnmi ń ké lórí fóònù pé, "Màámi, èmi nìyí, èmi nìyí." Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó yí ojú sí ògiri. Ó ti gbọ́ nínú rédíò pé ẹ̀rọ kan wà báyìí tó lè fi ohùn òkú sọ̀rọ̀. Ó sì mọ àwa Yorùbá, pé a kì í túfọ̀ ọmọ fún aláìsàn. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi li ẹ fi ń tàn mí. Òṣùká kì í purọ́." Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ̀ kò sì sí mọ́. Kò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń gbà. Èmi, mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó mi nínú yàrá yẹn, mo ní kó gba ṣíbí ẹ̀kọ kan nítorí mi. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́, pé ọmọ ti èmi náà ló kú.

Mo sọ fún Fúnmi pé kó má wá. Ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti máa gbé lọ́hùn-ún wà níwájú ìjọba wọn nígbà náà, wọ́n ti ń sọ pé ó lè yọrí sí rere, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, wọ́n á da ìwé náà nù, ilẹ̀kùn á sì tì. Tómi kò ní ìwé ìrìnnà kankan tí yóò fi bá a wá. Mo ní, "Ọmọ tó wà láàyè ni kí o dúró tì." Fúnmi ní, "Bàámi, Màámi rò pé mo ti kú. Ṣé kí n wà láàyè kí n sì jẹ́ kí wọ́n kú sínú irọ́ yẹn?" Ó fi Tómi sọ́dọ̀ Ìyá Dámi tó ti padà, ó wọ bàálù.

Bàálù ṣe ohun tí wọ́n ní ó máa ń ṣe. Ó gbé e kọjá òkun àti aṣálẹ̀ láàárín oúnjẹ kan àti oorun díẹ̀, ó sọ ọ́ sí Èkó. Ilẹ̀ ló wá dá a dúró. Ọ̀nà bàjẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ yọnu, ilẹ̀ fẹ́ ṣú kó tó dé Adó, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gba apá ibí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, torí àwọn ajínigbé. Bàbá mi máa ń ru obì láti Iléṣà lábẹ́ òṣùpá, ejò nìkan ló ń bẹ̀rù. Ọmọ mi tó ti ojú ọ̀run bọ̀, ó ní láti sùn sí Adó, níbi tí mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ nawọ́ kàn án. Mo jókòó ti ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ó ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù." Mo ní, "Ó ti dé Èkó." Mo ní, "Ó ti dé Adó." Lójú tirẹ̀, mo ń pa àlọ́.

Àárọ̀ ni Fúnmi wọlé. Ó ti ń sunkún láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó rí aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀. Ó mú un, ó jókòó sílẹ̀, ó lọ́ ọ, ó ká a, ó fa òwú yọ nínú ìdí ìró rẹ̀, ó dì í bí wọ́n ti ń dì í nílé wa. Ó gbé e karí. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé òṣùká tó wà lórí rẹ̀.

Ọwọ́ yẹn dúró pẹ́. Ìka bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó wá kókó òwú, ó rí i, ó sọ̀kalẹ̀ sí iwájú orí, sí ètè. Ìyàwó mi sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó ní, "O dé." Ìyẹn nìkan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Fúnmi ló sọ ọ́ fún, àbí ẹni tó wá mú un lọ.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá mi yọ̀ níbi ìsìnkú, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó mi ṣoríire, ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun wá sin ín. Mo ní ẹ ṣé, mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ sin gbogbo wa. Fúnmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo fóònù rẹ̀.

Ẹ ti ń bi ara yín léèrè ìdí tí àǹtí yẹn kì í fi í jáde nínú yàrá. Wọ́n ti da ìwé rẹ̀ nù. Ilẹ̀kùn ti tì. Wọ́n ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ibí, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá wọ́n á gbà, tàbí ìgbà tí wọ́n á gbà. Tómi wà lọ́hùn-ún nílé onílé, ó ń lọ sí ilé ìwé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n èwo ni ilé ọmọ mi báyìí? Ó mú ìyókù àdìrẹ ìyá rẹ̀, ó fi ṣe òṣùká kékeré, òṣùká orí ọmọdé. Kò fi òwú dì í nìkan. Ó fi abẹ́rẹ́ rán an yíká, àránpọ̀ lórí àránpọ̀, kó má sí ẹni tó lè tú u. Ọmọkùnrin kan láti Ìkọ̀lé tó ń lọ kàwé ló gbé e lọ, inú bàálù ló wà bí a ti jókòó yìí. Fúnmi ní a kò gbọdọ̀ gbálẹ̀ títí òṣùká náà yóò fi dé ọwọ́ Tómi.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ náà pè. Fúnmi ṣí ohùn fóònù síta kí èmi náà lè gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi. Ó ń sọ òyìnbó, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó tó mi gbọ́. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Láti ibẹ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ mi, wákàtí mélòó ni?"

Fúnmi ní mẹ́fà.

Ọmọ náà ṣírò díẹ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ṣírò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó wá ní, "Nígbà náà, ìwọ lo máa wá mú mi nílé ìwé lọ́la."

Ọ̀kadà yín ti dé, mo gbọ́ ọ. Fi ìgbálẹ̀ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, Rónkẹ́. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.